Pwalugu àti Ikere: Dáàmù Tí Kò Dé àti Dáàmù Tí Kò Parí

Bí ẹ bá dé Ìgbòho, Ìgbẹ́tì tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ ní kí wọ́n júwe ilé ará Gánà fún yín, wọ́n á bi yín pé èwo nínú wọn. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà ibẹ̀ ló jẹ́ pé Tamale ni wọ́n ti ṣe kékeré, ọjà Tamale ni ìyá wọn ti ní ìsọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ti ń ta aṣọ àti abẹ́rẹ́ láti ogún ọdún lu ọjà rẹ̀ ní gbàǹjo, ó wọ ọkọ̀, ó gba Togo àti Dàhòmì wálé.

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, owó tó ṣòfò ni wọ́n sábà máa ń kà. Èmi a máa bi wọ́n léèrè omi. Wọ́n á ní ẹ̀rùn Tamale kì í ṣe ẹ̀rùn ẹgbẹ́ ẹ̀rùn: kànga á gbẹ, odò kékeré ìta ìlú á di ẹrẹ̀, àwọn ọmọdé á sì ti jí lọ tò sídìí omi kí àkùkọ tó kọ. Bí wọ́n bá wá dé ibi tí wọ́n padà sí ní Òkè-Ògùn, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Òun náà kọ́ nìyẹn?

Ẹ sì wò ó. Oṣù kejì ọdún 1969 yẹn gan-an ni Ọ̀gágun Gowon ṣí dáàmù Kainji. Akosombo ti Gánà ti ń mú iná wá láti 1965. Àwọn èèyàn wa kúrò ní ilẹ̀ tó ní dáàmù ńlá, wọ́n bọ́ sí ilẹ̀ tó ní dáàmù ńlá, àtùpà ni wọ́n tàn ní ilẹ̀ méjèèjì.

Dáàmù méjì mìíràn ni mo fẹ́ gbé sórí ìwọ̀n lónìí. Ọ̀kan ni Pwalugu, níbi tí ọ̀nà Tamale sí Bolgatanga ti gun afárá kọjá lórí odò Volta Funfun. Èkejì ni Ikere Gorge lórí odò Ògùn, nítòsí Ìṣẹ́yìn. Ti Pwalugu, láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, títí di òní kò sí dáàmù níbẹ̀. Ti Ikere, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1983, wọ́n sé odò, omi kún, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní kí n mú ọ̀kan, èwo ni mo máa mú? Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tọ owó lẹ́yìn, nítorí ibi tí owó dáàmù bá ti wá ló máa ń pinnu ibi tí omi rẹ̀ máa gbà.

Ẹ jẹ́ ká ti Akosombo bẹ̀rẹ̀. Kòkó ni Gánà fi ń jẹun nígbà tí wọ́n ń gbèrò rẹ̀, wọn ò tíì rí epo. Albert Kitson, olórí àwọn tó ń wá ohun àmúṣọrọ̀ inú ilẹ̀ fún ìjọba àmúnisìn, ló kọ́kọ́ sọ ní 1915 pé èèyàn lè sé odò Volta, kó fi iná rẹ̀ sọ bọ́síìtì, òkúta tó wà nínú ilẹ̀ Góòlù Kóòsì (Gánà òní), di alumíníọ́ọ̀mù. Nǹkan bí ogójì ọdún kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà. Láti 1953 sí 1956 ni ìgbìmọ̀ kan tí Robert Jackson darí jókòó ṣírò rẹ̀, iye tó sì jáde dẹ́rù ba Ìlú Ọba, wọ́n fà sẹ́yìn. Kwame Nkrumah, olórí ìjọba Gánà, yíjú sí Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló ti bá Edgar Kaiser pàdé, ẹni tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe alumíníọ́ọ̀mù. Nígbà tí wọ́n máa fọwọ́ sí i, mílíọ̀nù 70 pọ́n-ùn ni owó náà. Gánà dá mílíọ̀nù 35, Báńkì Àgbáyé, Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba sì yá wọn ní mílíọ̀nù 35 yòókù.

Òfin tó dá Volta River Authority, àjọ tó ń darí dáàmù náà, sílẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1961. Kí ọdún 1965 tó parí, omi ti ń yí tọ́báìnì. Nkrumah ṣí i ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1966. Oṣù kan àti ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, àwọn sójà gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣèlú dà rú, owó kòkó já wálẹ̀, síbẹ̀ dáàmù náà kò dúró. Kí ló fà á? Olówó ń wò wọ́n ni. Báńkì Àgbáyé kì í yáni lówó tán kó lọ sùn: á béèrè ìwé, á rán ẹni wá wo kọnkéré, á fẹ́ mọ ẹni tó máa ra iná kó tó ná kọ́bọ̀.

Àmọ́ olówó náà ló kọ́kọ́ bu omi mu. Ẹni tó máa ra iná ni VALCO, ilé iṣẹ́ alumíníọ́ọ̀mù ní Tema, tí Kaiser ni ìdá 90 nínú ìdá 100 rẹ̀, tí Reynolds sì ni ìdá 10. Iye tí wọ́n ta ìwọ̀n iná kọ̀ọ̀kan (kWh) fún un kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin sẹ́ńtì Amẹ́ríkà kan lọ púpọ̀, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n sì fi dè é mọ́lẹ̀. Ní ọdún púpọ̀, VALCO nìkan ń jẹ iná ju gbogbo ará Gánà yòókù lọ. Bọ́síìtì tí Kitson tìtorí rẹ̀ rò ó ńkọ́? Òkè òkun ni wọ́n ń kó ti Gánà lọ bẹ́ẹ̀, láti òkè òkun ni VALCO sì ti ń ra àlúmínà, ìyẹn bọ́síìtì tí wọ́n ti fọ̀, tó fẹ́ yọ́. Nǹkan bí 80,000 èèyàn kúrò ní abúlé tó lé ní 700 kí omi lè ráyè tẹ́, wọ́n kó wọn sí ìlú tuntun 52.

Adágún tó ti ibẹ̀ jáde fẹ̀ tó 8,500 kìlómítà níbùú lóòró. Ìrù rẹ̀ gùn títí dé Yapei, tí wọ́n ń pè ní èbúté Tamale. Omi náà ti dé ẹnu ọ̀nà Tamale nìyẹn, iná rẹ̀ ló ṣẹ́kù. Láti 1972 ni Lomé àti Kútọnu ti ń fi iná Akosombo dáná. Tamale, tó wà nínú Gánà, dúró títí di ìparí àwọn ọdún 1980. Mo ti ka gbólóhùn yìí fún ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n á ní kí n tún un kà. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn: Lomé ní owó tó máa san, ẹnikẹ́ni kò gbà pé Tamale ní.

Tiwa ní Nàìjíríà, ọ̀nà mìíràn ló gbà. Kainji jọ Akosombo, nítorí Báńkì Àgbáyé yá wa ní mílíọ̀nù 82 dọ́là fún un ní 1964. Àmọ́ nígbà tí epo rọ̀bì gbówó lórí láàárín 1973 sí 1974, Nàìjíríà kò nílò àti kúnlẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni mọ́. Ní 1973 ni wọ́n dá àjọ tó ń bójú tó omi odò, ti Sokoto-Rima àti ti Chad Basin, sílẹ̀. Ní 1976, nígbà tí Ọbásanjọ́ ti di olórí ìjọba, òfin ológun kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ọdún náà sọ wọ́n di mọ́kànlá, kò sì sí igun ilẹ̀ yìí tí kò ní tirẹ̀. Ogun-Oshun ni tiwa. Abẹ́òkúta ló fi ṣe ibùjókòó, Ríbà Bésìn sì ni tàgbà tèwe ń pè é.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wo ìlànà rẹ̀ kọ, lára Tennessee Valley Authority tí Roosevelt dá sílẹ̀ ní 1933. Àwọ̀ ni wọ́n wò kọ, wọn ò wo ìfun. Àjọ Tennessee yẹn, láti 1959, iná tó ń tà ló ń fi ró ara rẹ̀, ó ń yáwó lọ́wọ́ ará ìlú, ó ń san án padà. Tiwa ń dúró de ètò ìṣúná láti Èkó, lẹ́yìn náà láti Àbújá. Bí epo bá wọ́n, iṣẹ́ á yá; bí epo bá já wálẹ̀, katakata á dúró sí ibi tí ó bá wà. Kò sí olówó kankan lẹ́yìn tó ń béèrè pé ibo lẹ bá iṣẹ́ dé. Bí ìjọba kan sì ṣe ń lọ tí òmíràn ń bọ̀, wọ́n ń fi àjọ náà ṣeré: ní 1984 wọ́n pín mọ́kànlá sí méjìdínlógún, wọ́n fi ìdàgbàsókè ìgbèríko kún orúkọ rẹ̀, ní 1986 wọ́n tún kó o jọ padà sí mọ́kànlá. Ọkọ̀ tí wọ́n tún orúkọ rẹ̀ kọ sára ju bí wọ́n ṣe tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe lọ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìsí olówó lẹ́yìn ló mú tiwa jẹ́ ti aráàlú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ Bakolori ní ilẹ̀ Sókótó dí ọ̀nà nítorí pé dáàmù gba ilẹ̀ wọn láìsan owó gbà-má-bínú. Ọlọ́pàá ló dá wọn lóhùn, ìbọn ni wọ́n sì fi dáhùn. Ìjọba ka òkú 25. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ó ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ọdún kan wà tí ó dà bíi pé Ọlọ́run dìídì kó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ méjèèjì pọ̀ sínú rẹ̀: 1983. Ní oṣù kìíní, Nàìjíríà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, ará Gánà tó lé ní mílíọ̀nù kan di ẹrù wọn sínú báàgì alápá méjì tí a ṣì ń pè ní Gánà-mọ́sì-gò. Ìyẹn ni ẹ̀san 1969 bí ẹ bá bi àwọn kan, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kọ́ ló gba ẹ̀san, ẹni tó ṣẹ̀ kọ́ ló sì jìyà. Ilé tí wọ́n padà sí gbẹ. Ọ̀dá mú Gánà lọ́dún yẹn, iná jó igbó àti oko kòkó, adágún Volta fà débi pé wọ́n ní láti já iná VALCO fúnra rẹ̀. Dáàmù tí wọ́n kọ́ tán tí wọ́n sì fi gbèsè sí lọ́rùn kò ní omi nínú.

Ní ìhà tiwa, ọdún 1983 yìí náà ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí dáàmù Oyan nítòsí Abẹ́òkúta. Mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà omi ló lè gbà, wọ́n sì gbé tọ́báìnì mẹ́ta sínú rẹ̀ tó yẹ kó máa mú mẹ́gáwáàtì 9 wá. Tọ́báìnì wọ̀nyẹn wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò tan iná sí ilé ẹnikẹ́ni. Ọdún yẹn kan náà ni iṣẹ́ Ikere bẹ̀rẹ̀. Epo ti já wálẹ̀ nígbà náà o. Ìjọba tó ń lé àlejò nítorí pé owó ń tán ló tún ń fi ìpìlẹ̀ dáàmù tuntun lélẹ̀. Ní ọjọ́ tí ọdún parí, sójà gbàjọba.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Ikere díẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá rí i kò ní mọ ohun tí à ń wí. Láti Ìṣẹ́yìn lèèyàn á ti gun ọ̀kadà, á la oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo kọjá, ilẹ̀ á máa ga sókè díẹ̀díẹ̀. Lójijì omi á là sílẹ̀ láàárín òkè, ó tẹ́ rẹrẹ, ó dúdú, orí igi tó ti kú ń yọ jáde nínú rẹ̀. Àwọn apẹja wà nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń tú àwọ̀n. Mílíọ̀nù 690 kúbíìkì mítà ni ibẹ̀ lè gbà, ó ju Oyan lọ ní ìlọ́po méjì ààbọ̀. Ìwé ìpìlẹ̀ ní á bomi rin 12,000 hẹ́kítà oko, á fún Ìṣẹ́yìn àti àwọn ìlú tó yí i ká ní omi ẹ̀rọ, á sì tan mẹ́gáwáàtì 6 iná. Padà sí Ìṣẹ́yìn ní ọjọ́ kan náà, ní oṣù kejì, kí o dúró sí etí ọ̀nà. Ọmọlanke ló ń kọjá lọ tó ń kọjá bọ̀, kẹ́ẹ̀gì omi tò sórí rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ẹni tó ń tì í ń làágùn. Àwọn tó ń hun aṣọ òkè ń ra omi mu lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún tí ojú kò lè ká tán.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rọrùn láti sọ. Ògiri dáàmù ni iṣẹ́ tí agbaṣẹ́ṣe ńlá máa ń gbà, òun ni òṣèlú máa ń dúró níwájú rẹ̀ ya fọ́tò. Kánáàlì tó máa gbé omi dé oko, páìpù tó máa gbé e dé ilé, wáyà tó máa gbé iná jáde, iṣẹ́ kékeré kékeré ni wọ́n, wọ́n pọ̀, wọ́n sì máa ń kẹ́yìn. Tí owó bá tán, ibẹ̀ ló máa ń tán sí. Àwọn àgbà ní ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Ikere tọ́jọ́ ní tirẹ̀, ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Àìṣiṣẹ́ ló fi tọ́jọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Pwalugu. Orí èrò nìkan ni dáàmù yìí wà láti ayé Nkrumah. Volta River Authority ṣèwádìí, wọ́n tún ìwádìí ṣe, ìwé ga tó òkè. Ìdí tí kò fi bẹ̀rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: kò sí Kaiser kankan ní àríwá Gánà. Báńkì máa ń béèrè ẹni tó máa san, ìdáhùn sì ni àgbẹ̀ ìrẹsì àti alubọ́sà. Kò sí báńkì tí ìyẹn ń dùn mọ́ nínú. Nígbà tó yá, ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ Akufo-Addo gbé ṣọ́bìrì, ó kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀. Mílíọ̀nù 993 dọ́là ni wọ́n pe owó iṣẹ́ náà, PowerChina láti Ṣáínà ló gbà á. Mẹ́gáwáàtì 60 látinú omi, 50 látinú oòrùn, pẹ̀lú nǹkan bí 25,000 hẹ́kítà oko tí wọ́n máa bomi rin. Ìjọba ní òun á gbé apá kan, wọ́n á yá apá kejì.

Gbèsè kò jẹ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022 Gánà sọ fáyé pé òun kò lè san gbèsè òkèèrè mọ́. Ní 2023 ó lọ gba bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ́dọ̀ IMF. Ta ló tún máa yá a ní owó dáàmù? Nǹkan bí mílíọ̀nù 12 dọ́là ti jáde fún agbaṣẹ́ṣe, ariwo owó yẹn sì wọ ilé aṣòfin. Ariwo yẹn wù mí, mo gbọ́dọ̀ sọ. Ní Gánà, wọ́n béèrè mílíọ̀nù 12. Ní tiwa, ta ló tíì pariwo pé ká ka owó tó wọ Ikere láti 1983 fún wa?

Láàárín ìgbà tí wọ́n ń retí Pwalugu, oríṣiríṣi nǹkan kékeré ti wá. Ní 2010 ni wọ́n dá SADA sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè àríwá. Ohun tí ará Gánà rántí nípa rẹ̀ ni pé wọ́n náwó lórí ẹyẹ awó, nígbà tí wọ́n béèrè awó, ìdáhùn tó jáde ni pé wọ́n ti fò lọ sí Bùrùkínà Fasò. Àjọ mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2017. Lẹ́yìn náà ni ètò dáàmù kan fún abúlé kan dé, púpọ̀ nínú wọn kò ju kòtò tí màlúù ń mu omi nínú rẹ̀, tí ẹ̀rùn bá sì dé, kòtò náà á gbẹ.

Awó nìkan kọ́ ló ń lọ sí Bùrùkínà Fasò. Ní ayé Nkrumah ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ tòmátò sí Pwalugu, kí tòmátò àríwá lè di èyí tí wọ́n ń rọ sínú agolo. Ó ti ti ilẹ̀kùn, wọ́n tún un ṣí, ó tún ti ilẹ̀kùn. Ní ẹ̀rùn, àwọn ìyálọ́jà tòmátò láti Accra àti Kumasi máa ń wọ ọkọ̀ ńlá, wọ́n á gba Tamale kọjá, wọ́n á kọjá níwájú ilé iṣẹ́ tó kú yẹn, wọ́n á wọ Bùrùkínà lọ ra tòmátò tí wọ́n fi dáàmù bomi rin níbẹ̀. Ilẹ̀ tó gbẹ ju ti Tamale lọ ló ń bọ́ Accra.

Èyí ló sì jẹ́ kí ọ̀ràn wa takora. Ní Gánà, gúúsù ló ní dáàmù ńlá, àríwá ń wò. Ní Nàìjíríà, àríwá ló mú dáàmù lò jù fún oko. Tiga tí Kano parí ní 1974 ló ń bomi rin Kura àti Kadawa àti àwọn oko tó wà lọ́nà ibẹ̀; tàtàṣé àti tòmátò inú ọbẹ̀ Ìbàdàn àti Èkó, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Nígbà tí kánáàlì ibẹ̀ bàjẹ́, owó Báńkì Àgbáyé ni wọ́n tún lọ gbà ní 2014, mílíọ̀nù 495 dọ́là, láti tún irú oko bẹ́ẹ̀ ṣe ní àríwá. Ikere kò sí nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé a kò mọ̀ pé ebi lè pa wá, nítorí Kano ń bọ́ wa.

Omi tí èèyàn kò kó níjàánu kì í kàn dúró. Lókè odò Volta Funfun, Bùrùkínà Fasò kọ́ dáàmù Bagre ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Bí òjò bá pọ̀ ní oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n á kéde fún Gánà, omi á sì ya bo oko. Iṣẹ́ kan tí Pwalugu máa ṣe nìyẹn, kó gba omi Bagre mọ́ra. Àwa náà mọ irú rẹ̀: bí Oyan bá ṣílẹ̀kùn, àwọn ará Ìṣẹrí àti Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú á kó ẹrù sórí tábìlì. Ní Akosombo fúnra rẹ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, wọ́n tú omi sílẹ̀ nítorí adágún ti kún jù, ó lé ní 26,000 èèyàn tó sá kúrò nílé ní Mepe àti agbègbè rẹ̀. Àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn tí dáàmù kọ́kọ́ lé kúrò wà lára wọn, bí èmi ṣe rò ó.

Omi ẹ̀rọ tí Tamale ń mu náà, odò yìí ló ti ń wá. Ní Nawuni ni ẹ̀rọ ti ń fà á, ní Dalun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, láti 1972, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ lójú sí i ní 2008. Naawuni ni àwọn Dagomba ń pe Ọlọ́run. Kò ṣàjèjì sí mi pé ẹnu Ọlọ́run ni ìlú tó gbẹ bẹ́ẹ̀ ti ń bu omi. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wa iyanrìn ń da ẹnu ẹ̀rọ náà rú, bí iná bá sì lọ ní Dalun, omi á lọ ní Tamale. Àwọn obìnrin á wá gbé gálọ́ọ̀nù yẹ́lò jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní gálọ́ọ̀nù Kufuor, ní orúkọ ààrẹ wọn àtijọ́, wọ́n á tò ó sílẹ̀ bí ẹni tò fún ìdìbò.

Bontanga ni mo fẹ́ kí ẹ rí ṣáájú kí n tó dájọ́. Kò jìnnà sí Tamale, ní agbègbè Kumbungu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1980, wọ́n parí rẹ̀ ní 1986, ọdún ọ̀dá tí mo sọ yẹn sì wà láàárín. Ògiri amọ̀ ni, kò ga ju ilé alájà mẹ́rin lọ, mílíọ̀nù 25 kúbíìkì mítà ló lè gbà. Ikere ju ú lọ ní ìlọ́po méjìdínlọ́gbọ̀n. Àmọ́ ní Bontanga, kánáàlì méjì jáde lára rẹ̀, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, omi ń fúnra rẹ̀ ṣàn, kò gba dísẹ́ẹ̀lì, kò gba iná. Ní oṣù kejì tí gbogbo ilẹ̀ ti pọ́n, bí ẹ bá gun orí ògiri yẹn, ewé ìrẹsì ló ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni alubọ́sà, ilá àti ata. Àgbẹ̀ kan á fi ṣọ́bìrì gbá ẹrẹ̀ dí ẹnu kòtò, omi á yà sọ́nà oko ẹnì kejì. Nǹkan bí 450 hẹ́kítà ni.

Kò pé o. Kọnkéré kánáàlì ti là níbòmíràn, koríko hù nínú rẹ̀, àwọn tó wà lókè ń mu omi jù, àwọn tó wà ní ìdí kánáàlì ń bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ìjà omi ni wọ́n ń jà, kì í ṣe ìjà àìsí omi. Àwọn àgbẹ̀ ní ẹgbẹ́, wọ́n ń san owó omi ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pe ìpàdé lórí ẹni tí kò gbá kòtò rẹ̀. Bí omi kò bá dé oko, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa lọ bá, orúkọ rẹ̀ àti ilé rẹ̀.

Ohun tí mo rí nìyí, ẹni tó bá ní òmíràn kó wí. Owó olówó parí Akosombo, ó sì fi omi rẹ̀ fún olówó. Owó tí kò lólówó bẹ̀rẹ̀ Ikere, ó sì fi í fún afẹ́fẹ́. Pwalugu ń dúró de olówó tí kò ní wá. Ní Bontanga, ẹni tó ń lo omi ló ń sanwó díẹ̀, òun ló ń béèrè, òun ló ń bínú. Nítorí náà, tí ẹ bá ní kí n mú láàárín dáàmù tí kò dé àti dáàmù tí kò parí, Ikere ni mo máa mú, láìrónú lẹ́ẹ̀mejì: ohun tó wọ́n jù lára dáàmù ni ògiri àti omi, a ti ní méjèèjì. Kánáàlì ló kù. Pwalugu ní tirẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ tèmi, kí wọ́n gé apá oko kúrò lára apá iná, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí owó tó wà nílẹ̀ lè ká, kí wọ́n jẹ́ kí mílíọ̀nù 993 yẹn sinmi.

Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, ọdọọdún ni wọ́n ń ka ètò ìṣúná ní Àbújá, orúkọ Ogun-Oshun sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ìwé yẹn kì í ṣe awo, ẹnikẹ́ni lè wò ó. Tó bá jáde lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ mú un lọ bá aṣòfin tí ẹ dìbò fún, ẹ ní kó fi ìka tọ́ka sí ìlà tí kánáàlì Ikere wà, kó sì ka iye tó wà níwájú rẹ̀ sí yín létí.